Ṣíṣe Inú Ilé Etí Òkun Lọ́ṣọ̀ọ́: Ẹ Bi Iyọ̀ Kí Ẹ Tó Bi Ojú

Tí ẹ bá ní kí ẹnì kan bá yín ṣe inú ilé etí òkun lọ́ṣọ̀ọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọ̀dà funfun, ìrọ̀rí aláwọ̀ aró, àti ìdákọ̀ró onípákó kan tí yóò kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò burú lójú, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ilé náà nígbà tó bá pé ọdún méjì. Ìṣó tí wọ́n fi kan ìdákọ̀ró náà ti dógùn-ún, omi pupa rẹ̀ sì ti ṣàn wá sílẹ̀ lára ògiri. Àwọ̀ ìrọ̀rí ti ṣí débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju iwájú lọ. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu. Kò sẹ́ni tó lo ilé náà nílòkulò o. Òkun ló ṣe é.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ilé etí òkun, èyí tó ṣáájú sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí ni iyọ̀, oòrùn, iyanrìn àti ọ̀rinrin yóò fi ojú rẹ̀ rí? Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá béèrè bóyá ó wù wá. Ẹni tó bá fi èkejì ṣáájú yóò ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

1. Ẹ mọ ọ̀nà tí òkun ń gbà wọlé

Kí ẹ tó ra ṣíbí kan pàápàá, ẹ rìn yí ilé ká. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Nígbà tí ìgbì bá fọ́, omi tó ta sókè yóò di ẹ̀kán kéékèèké tí ojú kò rí, atẹ́gùn yóò sì gbé e. Omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, iyọ̀ yóò kù, iyọ̀ náà yóò sì bà lé orí gbogbo nǹkan tó bá pàdé.

Iyọ̀ yìí kì í sùn. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí ara rẹ̀ títí yóò fi yọ́. Òun ló fà á tí orí tábìlì fi máa ń rin gbindin-gbindin ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó da nǹkan sí i. Irin tó wà nínú irú omi iyọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru kò lè pẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò sí: òjò máa ń bá wa ṣan iyọ̀ kúrò. Ibi tí òjò kò dé, bí abẹ́ òrùlé báńkóònì, ni irin ti máa ń tètè bàjẹ́ ju ibi tí òjò ń nà lọ. Ẹ má ṣe rò pé ohun tó wà lábẹ́ ibòòji ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ẹ ya àwòrán ilé náà sórí bébà, kò pọn dandan kó lẹ́wà. Ẹ sàmì sí fèrèsé tó kọjú sí òkun, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, àti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí òkun á wá rọ́pò rẹ̀. Lóru, ó sábà máa ń yí padà, ti orí ilẹ̀ á máa fẹ́ lọ sórí omi. Ilé tó bá ní ojú ihò níwájú àti lẹ́yìn yóò máa mí láìtan ẹ̀rọ kankan, ó sì tún dára sí i tí ihò tó ń jáde bá ga ju èyí tó ń wọlé lọ. Bébà yìí ni yóò sọ fún yín ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé wọ́dúróòbù sí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ yàrá tí iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi aṣọ dúdú tó mọ́ tó sì rin díẹ̀ nu gíláàsì fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà gbẹ. Èyí tó bá ní ẹfun funfun lára ju àwọn yòókù lọ ló ti fi yàrá tó le jù hàn yín. Ibẹ̀ ni ẹ kò ti gbọ́dọ̀ fi owó ṣeré.

2. Ọ̀rọ̀ irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú

Ó lè jọ pé mo ń fi ohun kékeré ṣáájú, torí ta ló ń wo híńjì? Ṣùgbọ́n híńjì, ìṣó, ìdìmú ilẹ̀kùn àti irin tó gbé kọ́tìnì dúró ló máa ń kọ́kọ́ ba ẹwà ilé etí òkun jẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù lè dára bí ọba, tí ìṣó méjì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pupa lára rẹ̀, ojú kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́.

Àwọn ọlọ́jà yóò sọ pé, "Stainless ni, kì í dógùn-ún." Ẹ béèrè pé stainless wo. Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ jù ni 304 àti 316. Èyí tó ń jẹ́ 316 ní irin kan tí wọ́n ń pè ní molybdenum nínú, tó ìdá 2 sí 3 nínú 100, ohun náà ló ń bá a lé iyọ̀ sẹ́yìn. 304 dára nílé àárín ìlú. Létí òkun, ara rẹ̀ á máa pọ́n bí ibi tí tíì ta sí. Lórí bóòtù àti nọ́ọ̀tì, wọ́n sábà máa ń tẹ A2 tàbí A4 sí orí rẹ̀. A4 ni ẹgbẹ́ 316, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò fún yín kó ní ó dájú: mágínẹ́ẹ̀tì lè tú àṣírí irin lásán, kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 304 àti 316.

Idẹ gidi náà ń ṣe é lò. Yóò ṣú, ṣùgbọ́n ṣíṣú yẹn kì í ṣe àrùn, ó sì máa ń wù mí ju kó máa dán lọ. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi iná yan ọ̀dà mọ́ lára dára fún férémù fèrèsé àti àga ìta, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi bóòtù stainless dè é, ẹ fi wọ́ṣà oníke sáàárín àwọn méjèèjì, torí tí omi iyọ̀ bá so wọ́n pọ̀, alumíníọ́mù ni yóò máa jẹ dànù. Irin lásán tí wọ́n kàn fi kúróòmù bò, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igbá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìbòrí yẹn. Ojú ibi tó bá ti há díẹ̀ ni iyọ̀ máa gbà wọlé.

Ẹ má gbàgbé irin tí ojú kò rí: sípíríìn inú àga onítìmùtìmù, síkúrúù abẹ́ tábìlì, irin tí dúróọ̀ ń rìn lé. Ẹ dojú àga dé ní ìsọ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà lè bínú, kó máa bínú.

3. Ibi tí iyanrìn gbọ́dọ̀ dúró sí

Èyí tó pọ̀ jù nínú iyanrìn etíkun lágbàáyé jẹ́ quartz, òkúta líle kan; bí a bá sì fi ìwọ̀n Mohs, tó lọ láti 1 dé 10, wọn líle rẹ̀, 7 ni. Gíláàsì fèrèsé kò ju nǹkan bíi 5.5 lọ, ká tó wá sọ ti fáníìṣì orí pákó. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹsẹ̀ tó bá fi iyanrìn wọlé, sáńpépà ló ń fi ha ilẹ̀ yín. Ọ̀ṣọ́ tó dára jù nínú ilé etí òkun, lójú tèmi, ni ẹnu ọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí, láti ìta wọlé. Ẹ̀rọ omi tàbí ṣáwà lóde, níbi tí omi ti lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, pèpéle onípákó tí àlàfo wà láàárín igi rẹ̀, kí iyanrìn lè jábọ́ sábẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń gbọn ẹsẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà, bẹ́ǹṣì tí kò ga, tí a lè jókòó lé bọ́ bàtà, àti ìkọ́ lókè rẹ̀ fún táwẹ̀lì àti àpò. Kí ìkọ́ yẹn pọ̀ ju iye èèyàn tó ń gbé ilé lọ, torí ilé etí òkun kì í pẹ́ gba àlejò. Ẹní méjì ni kẹ́ ẹ tẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn: èyí tó rí ṣágiṣàgi síta, tí yóò ha iyanrìn, àti èyí tó ń fa omi sínú. Ẹní kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Tí ilẹ̀kùn yín bá jẹ́ ti gíláàsì ńlá tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú irin tó ń rìn lé. Iyanrìn tó kó síbẹ̀ á ti di ẹrẹ̀ líle pẹ̀lú iyọ̀, táyà kékeré abẹ́ ilẹ̀kùn á máa gùn ún kọjá pẹ̀lú ariwo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbẹ́ ẹ jáde, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, ẹ ṣí ihò tí omi ń gbà jáde. Ẹ má ta òróró sí i, torí òróró a máa di iyanrìn mú. Sílíkóònì tó máa ń gbẹ ni kẹ́ ẹ fín sí i.

4. Ilẹ̀ ilé

Táìsì porcelain ni mo máa ń dábàá fún ìsàlẹ̀ ilé. Omi tí irú táìsì bẹ́ẹ̀ lè fà mu kò kọjá ìdá 0.5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ọ̀rinrin kò ríbi wọ̀. Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ kò dán. Ní ẹnu ọ̀nà àti balùwẹ̀, ẹ béèrè àmì R10 tàbí R11, tó ń fi hàn bó ṣe ń di ẹsẹ̀ mú. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga sí i ni yíyọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ní ti àwọ̀, ẹ bá ara yín sọ òótọ́: iyanrìn yóò wọlé pẹ̀lú gbogbo ètò tí a ṣe sẹ́nu ọ̀nà. Táìsì tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti iyanrìn etíkun yín yóò bò yín láṣìírí láàárín ìgbálẹ̀ kan sí èkejì. Funfun báláú yóò tú u, dúdú yóò tú u jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń dí àárín táìsì náà ṣe pàtàkì. Ti epoxy, gọ́ọ̀mù kan tó máa ń gan, kì í fa omi bíi ti sìmẹ́ǹtì, kì í sì í tètè bu.

Pákó lẹ́wà, n kò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó jẹ́ igi gidi bí teak tàbí ìrókò, kí káfíńtà sì fi àyè sílẹ̀ yíká etí rẹ̀, torí igi máa ń wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀, á tún sún kì tó bá gbẹ. Pákó àfiṣe tí inú rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ kò ní ìrètí níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n hun láti ara ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene, tó fẹ́lẹ́, tí a lè gbé síta ká bu omi lù, ni kẹ́ ẹ tẹ́. Sisal àti jute, tí wọ́n fi okùn ewéko hun, rẹwà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu omi, òórùn wọn á sì sọ. Kápẹ́ẹ̀tì tó bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri? Ẹ má dán an wò.

5. Ògiri àti àwọ̀

Létí òkun, ìmọ́lẹ̀ ń ti ọ̀nà méjì wọlé: láti ojú ọ̀run, àti láti ojú omi tó ń tàn án padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà funfun tó ń dán, tó dára púpọ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, fi lè máa gún ojú nínú yàrá tó kọjú sí òkun. Ẹ lo ọ̀dà tí kò dán, ẹ sì jẹ́ kí funfun náà ní àbàwọ́n díẹ̀: bí eyín erin, bí iyanrìn, bí eérú tó mọ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mú àwọ̀ nìyí. Ẹ lọ sí etíkun tiyín gan-an, kì í ṣe ti inú ìwé àwòrán. Ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sínú àwo funfun kan, ẹ bu iyanrìn kan náà sínú àwo kejì kẹ́ ẹ wá da omi sí i. Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó gbẹ lè mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú pípọ́n díẹ̀, èyí tó rin á ti ṣú, á ti fẹ́ jọ igi. Àwọ̀ méjì tó bára mu láìsí àríyànjiyàn ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn: gbígbẹ fún ògiri, rírin fún ilẹ̀kùn tàbí àga. Ẹ fi ewéko inú omi tí ìgbì gbé jáde kún un, tàbí igi tí oòrùn àti òkun ti sọ di aláwọ̀ eérú, ẹ ti ní ẹ̀kẹta. Ẹ gbé àwo náà fún ẹni tó ń po ọ̀dà.

Ẹ máa fi aró mọ níwọ̀n. Òkun wà lójú fèrèsé, kò sì sí aró inú agolo tó lè bá a díje. Tí ẹ bá kun gbogbo ògiri láró, ńṣe ni òkun fúnra rẹ̀ yóò dà bí ohun tó ṣá. Èmi a fi aró sí ibi tí a kò ti rí òkun, bíi yàrá ẹ̀yìn tàbí ọ̀nà àbákọjá, kí ibẹ̀ náà má bàa gbàgbé ibi tó wà.

Ẹ kun àyẹ̀wò sórí pákó ńlá tó tó sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú àti lóròó, ẹ máa gbé e káàkiri yàrá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó pinnu. Fún balùwẹ̀ àti ẹ̀yìn ilé tó máa ń rin, ẹ ra ọ̀dà tí wọ́n ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri bu sí. Ẹfun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri náà wà, tí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ̀dá ẹfun kò bá ohun tó ń hù lára ògiri mu, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba inú rẹ̀ jáde.

6. Fèrèsé àti kọ́tìnì

Gíláàsì lásán kì í dí gbogbo ìtànṣán oòrùn tó ń ṣí aṣọ. Apá kan rẹ̀ á ṣì wọlé. Tí àga olówó ńlá bá wà níwájú fèrèsé tó ń gba oòrùn ọ̀sán, ẹ lẹ ìlẹ̀mọ́ tó ń dí ìtànṣán yẹn mọ́ gíláàsì náà, tàbí kẹ́ ẹ gbé àga kúrò.

Aṣọ tó ń fara da oòrùn jù ni acrylic, òwú àfiṣe, tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ nígbà tó ṣì ṣàn bí omi, kí wọ́n tó fà á di òwú. Àwọ̀ rẹ̀ dé inú, kì í ṣe pé wọ́n kùn ún lójú. Aṣọ òwú tí wọ́n rẹ láró lẹ́yìn tí wọ́n hun ún tán kì í pẹ́ ṣí. Fún kọ́tìnì, èyí tó fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn lè gbé ni mo fẹ́, kó funfun, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má wọ́ nílẹ̀ nítorí iyanrìn. Ẹ fi ọ̀pá onígi kọ́ ọ. Kí ọ̀pá náà gùn kọjá fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, tí a bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má gé òkun kúrò lójú wa rárá.

7. Àga àti bí a ṣe ń tò ó

Kẹ́ ẹ tó ra àga, ẹ gbé àpótí ìjókòó kan síbi tí ẹ rò pé yóò wà, ẹ jókòó. Kí lẹ rí? Ṣé òkun ni, àbí irin báńkóònì? Ẹ sún un síwá sẹ́yìn títí ojú yóò fi ṣí. Àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ga ló yẹ ní iwájú fèrèsé, tábìlì àárín sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ orúnkún.

Àwọn èèyàn máa ń to gbogbo àga kọjú sí òkun bíi ti ìjókòó inú bọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọjú àga ńlá méjì síra wọn, kí ẹ̀gbẹ́ wọn wà lápá òkun; ẹni tó bá fẹ́ wo omi yóò kàn yí orí díẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ wo ẹnìkejì rẹ̀ kò ní yí rárá. Tí ògiri tó dojú kọ fèrèsé bá ṣófo, dígí ńlá lè gbé òkun síbẹ̀ fún ẹni tó kọ̀yìn sí i. Ẹ kàn wo ó nírọ̀lẹ́ ná, kí oòrùn tó ń wọ̀ má lọ máa ti inú dígí ta sí èèyàn lójú.

Àga tó ní ẹsẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, dára ju èyí tó jókòó pátápátá sílẹ̀ lọ. Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, pàápàá ògiri tó kọjú síta. Aṣọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé bọ́ fọ̀. Ẹ sọ fún télọ̀ pé kó fọ aṣọ náà ná kó tó gé e, kó má bàa jẹ́ pé lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìbọ̀ kò ní wọ tìmùtìmù mọ́. Awọ máa ń bu níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi.

Pankẹ́rẹ́ yẹ inú ilé etí òkun gan-an: ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kó wà. Tí òjò àti oòrùn bá ń jẹ ẹ́ lóde, yóò gbẹ, yóò sì sán. Tóde, ẹ ra èyí tí wọ́n fi ike hun bíi pankẹ́rẹ́, kí férémù inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù. Teak lè wà lóde láìsí ọ̀dà kankan, òróró inú igi náà ń dáàbò bò ó. Àwọ̀ rẹ̀ yóò di eérú tó ń dán bíi fàdákà, ẹ jẹ́ kó di bẹ́ẹ̀.

8. Yàrá ìsùn

Ohun tó ń ba yàrá ìsùn jẹ́ ni afẹ́fẹ́ tí kò rìn. Ẹ ra bẹ́ẹ̀dì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi pẹlẹbẹ tó ní àlàfo, kì í ṣe pákó tó dí pa. Kí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù jẹ́ onílàálàá, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ dípò ilẹ̀kùn. Ẹ má ká aṣọ sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dì í, ọ̀rinrin lẹ dì mọ́ ọn yẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka ọ̀rinrin; tó bá ń fi hàn pé ó kọjá ìdá 60 nínú 100 lójoojúmọ́, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin. Nínú wọ́dúróòbù, ike calcium chloride tó ń fa omi tó. Ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, kí ọmọdé má sì fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òwú tó fẹ́lẹ́, tó ń mí, ló dára. Kò pọn dandan kó bá kọ́tìnì mu.

9. Ilé ìdáná àti balùwẹ̀

Ní kúkúrú. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná yẹ kó jẹ́ plywood tí wọ́n ń fi kan ọkọ̀ ojú omi. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ yóò wú láti ìsàlẹ̀. Òkúta quartz àfiṣe dára nínú ilé, kò dára lóde, torí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pò ó máa ń yí àwọ̀ padà nínú oòrùn. Mábù kò fẹ́ràn ọsàn wẹ́wẹ́ rárá, ojú ibi tí omi rẹ̀ bá ta sí yóò jẹ. Nínú balùwẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ tí a lè tẹ́ táwẹ̀lì lé kó gbẹ dára ju ìkọ́ tó ń jẹ́ kó rún pọ̀ lọ. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta kì í ṣe àṣerégèé.

10. Iná alẹ́

Ẹ lo gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó jẹ́ 2700K ní ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan iná kékeré mélòó kan káàkiri dípò ńlá kan láàárín àjà. Tí iná inú ilé bá mọ́lẹ̀ jù, gíláàsì fèrèsé á di dígí, ojú ara yín lẹ ó máa rí dípò òkun.

Ìdí mìíràn tún wà. Létíkun tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin, lóru ni ọmọ wọn sábà ń pa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù ni wọ́n sì máa ń rìn lọ. Láyé ìgbà tí ilé kò sí níbẹ̀, ojú omi ló mọ́lẹ̀ jù. Ní báyìí, iná pálọ̀ wa ló ń pè wọ́n sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ omi. Ní àsìkò yẹn, ẹ fa kọ́tìnì tó ki, ẹ fi ìbòrí dorí iná báńkóònì kọ ilẹ̀, ẹ sì fi gílóòbù tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin rọ́pò funfun.

11. Ohun ọ̀ṣọ́

Ibí ni mo ti máa ń le díẹ̀. Ìdákọ̀ró, àgbá ọkọ̀, àjẹ̀ tó kọjú síra, àkọlé tó ń sọ fún wa pé etíkun la wà: ẹni tó wà nínú ilé náà ti mọ̀. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó tóbi, tó sì ní ìtumọ̀ fún yín, bí igi tí ìgbì gbé wá, àwòrán ilẹ̀ etíkun náà, tàbí àwọ̀n ògbólógbòó ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká.

Ní ti ìkarahun, ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Oríṣi akàn kan wà tí kò ní ilé tirẹ̀, inú ìkarahun tó ṣófo ló ń gbé, tó bá dàgbà á tún wá èyí tó tóbi sí i. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òkun gbé jáde, ààyè ni wọ́n mú un. Láti 1992 ni òwò ìgbín òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní queen conch ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn káàkiri orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó àti òkun, òkúta iyùn inú òkun náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹnubodè tí ẹ kò bá ní ìwé.

12. Ìtọ́jú, àti ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ilé pa

Lóṣooṣù, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ híńjì, ìdìmú ilẹ̀kùn, irin báńkóònì àti férémù fèrèsé, kẹ́ ẹ sì nù wọ́n gbẹ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe máa ṣan èyí tó wà lóde, kó tó di pé iyọ̀ jẹ ìyẹ́ rẹ̀ tán.

Tí ilé yóò wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sún àga kúrò lára ògiri, ẹ gbé fóòmù dìde kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù àti ti fíríìjì tí ẹ ti pa tẹ́ ẹ sì ti nù, ẹ fa kọ́tìnì dí oòrùn. Tí ẹ bá padà dé, fèrèsé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí afẹ́fẹ́ tó ti há jáde, ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má sì fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì lọ́jọ́ yẹn: ẹ kọ́kọ́ da omi lù ú kí iyọ̀ àti iyanrìn ṣàn lọ, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.